Owó Ọkọ̀ Nìkan Kọ́: Ìṣúná Owó fún Kíkó láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá

Láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Àbújá, ìbéèrè kan náà ni àwọn ojúlùmọ̀ tó ń gbèrò irú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi mí: èló ni ọlọ́kọ̀ gbà lọ́wọ́ yín? N kì í fi èsì dù wọ́n, ṣùgbọ́n mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe gbé ìṣúná wọn lé e. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí ẹnìkan san fún ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe iye tí ẹlòmíràn yóò san lọ́dún yìí. Yàtọ̀ sí èyí, owó ọkọ̀ ni ó rọrùn jù láti béèrè, kì í sì í ṣe òun ni ó ń gba owó jù. Ilé ni. Ohun tó tẹ̀lé ilé ni àwọn oṣù tí ènìyàn fi wà láàárín ìlú méjì, nígbà tí owó ń jáde ní ibi méjì, tí ó sì jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ó ti ń wọlé. Bí a ṣe lè ka àwọn owó wọ̀nyí kí a tó di ẹrù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ níhìn-ín, ìlú méjì tí mo mọ̀ ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí bàbá tàbí ìyá wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì ti rin irú ìrìn yìí ṣáájú wa. Títí di òní, òfin iṣẹ́ ọba ṣì fi àyè sílẹ̀ fún owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ sí ìlú mìíràn, títí kan owó ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ dípò ilé ìtura. Bí ọ̀rọ̀ yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè fún un ní kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ owó tó wà lọ́wọ́, nítorí pé owó ìjọba lè wọlé nígbà tí ọmọ yín bá ti lo sáà kan tán nílé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ní ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, àkókò tó yẹ láti béèrè owó ìkẹ́rù ni ìgbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ṣì wà lórí tábìlì tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Ọkọ mi béèrè tirẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n sì fún un ní iye kan tí kò pọ̀. Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ojú rere lásán ni yóò kù.

Ilé ni kí a wá fi bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn yóò gbọ́ iye owó ilé, yóò sì kọ iye yẹn sílẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni yóò san. Ká ní ilé tí ẹ rí jẹ́ 1,500,000 náírà lọ́dún. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé ẹjẹ́ǹtì yóò gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 150,000. Lọ́yà tó kọ ìwé àdéhùn yóò gba 150,000 mìíràn. Onílé yóò sì ní kí ẹ fi owó kan sílẹ̀ fún ohun tí ẹ bá lè bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí a pe ìyẹn náà ní 150,000. Bí ilé náà bá wà nínú ẹ́sítéètì, owó aṣọ́de, owó ìkólẹ̀ àti owó iná ojú pópó wà níbẹ̀ tí wọn yóò gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká ní 200,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 2,150,000 náírà. Ẹni tó kọ 1,500,000 sílẹ̀ ti ń wá 650,000 kiri kí ó tó ra ìgbálẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ènìyàn pé kí ó dá iye gbogbo tó lè san fún ilé mọ̀ ná, kí ó yọ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò, kí ó sì fi ìyókù wá ilé. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ilé lọ sókè, a ó kàn máa lé owó kiri ni.

Ibi tí ilé wà ní Àbújá tún ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń jìnnà sí Wuse, Garki àti Àárín Gbùngbùn Ìlú ni owó ilé ń dínkù, débi pé àwọn tó ń gbé ní Mararaba, tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ń wọ inú Àbújá lárààárọ̀ láti ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya, lójú ọ̀nà Mararaba sí àárín ìlú, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé ilé olówó pọ́ọ́kú yẹn ní ibòmíràn tí ó ti ń gba owó rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé Mararaba fi 600,000 dín sí ti Kubwa tàbí Lugbe lọ́dún, tí ìrìnàjò iṣẹ́ láti ibẹ̀ sì fi 2,500 náírà ju ti ibi kejì lọ lójúmọ́. Ọjọ́ 22 lóṣù jẹ́ 55,000. Oṣù 12 jẹ́ 660,000. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ ti tán, a sì tún ti fi 60,000 lé e, kí a má tíì sọ ti oorun tí a kò sùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé lórí kọ̀ǹpútà lè wo ìṣirò yìí kó rẹ́rìn-ín, nítorí pé Mararaba tàbí Kuje lè jẹ́ ibi tó bá a mu gan-an. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kí aago 8 tó lù ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

A kò san owó ilé kankan láìjẹ́ pé ẹnìkan tí a mọ̀ fojú rí i. Àbúrò ọkọ mi tó ti ń gbé níhìn-ín ni ó bá wa rìn, ó ń fi fóònù fi ilé hàn wá, mo sì kọ́ ọ pé kí ó máa ṣí ẹ̀rọ omi kí ó tó máa fi yàrá hàn mí. Owó àyẹ̀wò tí àwọn ẹjẹ́ǹtì ń gbà ṣáájú kí wọ́n tó mú ènìyàn lọ wo ilé wà lára ohun tó yẹ kí ó ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣúná, nítorí pé kì í padà wá. Ẹjẹ́ǹtì kan gba tiwa, ó sì mú àbúrò wa lọ sí ilé tí àwọn èèyàn ti ń fi aṣọ fèrèsé kọ́. Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti gbà á. A bá a sọ ọ́ títí, kò dá kọ́bọ̀ padà. Láti ìgbà náà ni àbúrò wa ti ń béèrè lọ́wọ́ mẹ́gáàdì ẹnu ọ̀nà ná kí ó tó fọwọ́ sí owó kankan, àwọn mẹ́gáàdì wọ̀nyí sì mọ ọ̀rọ̀ ilé ju ẹjẹ́ǹtì lọ. Àwọn náà ni wọn yóò sọ bóyá kànga ẹ̀rọ máa ń gbẹ ní oṣù Kẹta, àti iye wákàtí tí iná ń lò lóòótọ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kí ó wà fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, ti gòkè, Band tí àdúgbò wà ti di ìbéèrè owó, kì í ṣe ti ìgbádùn nìkan.

Nígbà tí ilé bá ti wà, àkókò ni ó kàn. Owó ilé wa ní Ìbàdàn kù díẹ̀ kó parí, a sì fẹ́ kí òpin rẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ ti Àbújá sún mọ́ ara wọn bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì ku oṣù mẹ́fà lè bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí ayálégbé mìíràn wọlé kí ó sì san ìyókù padà. Àwọn onílé kan máa ń gbà bí a bá bá wọn wá ayálégbé tó ṣeé fọkàn tán fúnra wa. Àwọn ọmọ ni wọ́n mú wa mú oṣù Kẹjọ. Ilé-ẹ̀kọ́ máa ń ti ní ìparí oṣù Keje, ọdún ẹ̀kọ́ tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí náà ọmọ tó bá dé láàárín méjèèjì yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pọ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní san owó sáà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC kò ṣeé ṣí nípò bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ó dúró tì ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n kan títí yóò fi ṣe é tán, kí owó oúnjẹ rẹ̀ sì wọ inú ìṣúná.

Ìdí mìíràn wà tí oṣù Kẹjọ fi dára ju oṣù Kẹwàá lọ. Nǹkan bí 600 kìlómítà ni ìrìnàjò náà, ọ̀nà méjì ni ó sì wọ́pọ̀: àwọn kan ń gba Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ lọ sí Kàbà àti Lọ́kọ́jà, kí wọ́n tó gba Koton-Karfe àti Abaji wọ Gwagwalada, àwọn mìíràn ń gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà àti Mokwa lọ sí Bida àti Suleja. Méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ sọdá Odò Ọya. Ní ọdún 2012 àti ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi Odò Ọya àti ti Benue kún bo ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá mọ́lẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì há síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹrù ilé tó bá há bẹ́ẹ̀ ń jẹ owó lójoojúmọ́, nítorí pé ọlọ́kọ̀ yóò béèrè owó ìdúró, àwọn ẹlẹ́rù yóò sì máa ra oúnjẹ jẹ nínú ilé tí kò ní ìkòkò. Oṣù Kejìlá náà kò dára, nítorí pé gbogbo ayé ló ń rìn nígbà náà, owó ọkọ̀ sì máa ń fò sókè.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ odindi, ìbáà ṣe kántà tàbí túrọ́ọ̀kì ńlá, ń san owó àlọ àti àbọ̀, bí kò tilẹ̀ ju àlọ lọ ni ó nílò, nítorí pé awakọ̀ mọ̀ pé òun lè má rí ẹrù gbé bọ̀. Nítorí èyí ni àwọn ará Ìbàdàn tó mọ̀ fi máa ń lọ sí ọjà Bódìjà. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọkọ̀ tó gbé ẹ̀wà, àgbàdo àti iṣu láti Òkè Ọya ń já ẹrù sí ọjà yẹn, òfìfo ọkọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ì bá fi padà bí wọn kò bá rí ẹrù. Owó tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbà kéré sí ti ẹni tó dìídì gbéra nítorí tiwa.

Alárinà kan tó jẹ́ àgbàlagbà, tí ó jókòó sórí àga pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà, ni wọ́n júwe fún wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù wa fún un, mo ń fi yé e pé aṣọ, ìwé àti abọ́ ni ó pọ̀ jù, kò sí ohun tó wúwo níbẹ̀. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, "Ọmọ mi, ààyè ni mò ń tà, n kò ta ìwọ̀n. Àga tìmùtìmù mélòó ni ẹ ní?" Nígbà tí mo sọ iye àga, ó fi okùn kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọn inú ọkọ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ó fi igi fa ìlà sára pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì ní ibi tí ẹrù wa yóò dé nìyẹn, pé ohun tó bá kọjá ìlà yẹn ni a ó tún san owó lé. Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ẹ sún un síwájú díẹ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì sún un, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Ìlà yẹn ni ó yí gbogbo ìṣirò wa padà. Ìwé tí mo ń ṣàníyàn nípa rẹ̀ kò gba ju páálí díẹ̀ lọ. Àga tìmùtìmù, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń jẹ ààyè. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè méjì lórí ohun kọ̀ọ̀kan: èló ni ààyè tí ó gbà yóò ná wa, èló sì ni a ó fi ra irú rẹ̀ ní Àbújá? Ọjà Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya, kún fún àga àti bẹ́ẹ̀dì tuntun, ènìyàn sì lè fi fóònù béèrè iye wọn láti Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ègé igi pípò mọ́ra ṣe kò yẹ ní gbígbé rárá, nítorí pé ihò ìdè rẹ̀ kì í di nǹkan mú mọ́ bí a bá ti tú u lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀dì ìrókò tí bàbá mi fún wa nígbà ìgbéyàwó ni a gbé, a tú u palẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ sí abẹ́ gbogbo ẹrù. Fíríìjì wọlé, kọ́bọ́ọ̀dù kò wọlé, àga tìmùtìmù mẹ́ta di títà. Títa ẹrù náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù méjì ṣáájú yóò rí owó gidi gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó fẹ́ lọ, wọn yóò sì máa dúró dè é títí yóò fi fi í tọrẹ. Ẹ kọ èyí tí ẹ ó fún àwọn ẹbí sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ̀gbọ́n má baà fi ọwọ́ kan ohun tí ẹ ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ díẹ̀, nítorí pé ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣu kún ọkọ̀ fún wa. Kí ni ènìyàn ń gbé iṣu lọ sí Àbújá ṣe, nígbà tí iṣu Ìpínlẹ̀ Benue, ti Niger àti ti Nasarawa kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn? Èlùbọ́ ni kí ẹ gbé, àti gààrí tí ó bá yín lẹ́nu mu, nítorí pé àpò wọn ṣeé ki bọ àárín àlàfo tí àga àti tábìlì bá fi sílẹ̀.

Àdéhùn ọkọ̀ kò pé bí kò bá dáhùn àwọn ìbéèrè kan. Ta ni yóò san owó àwọn alábàárù tí yóò di ẹrù ní Ìbàdàn àti àwọn tí yóò já a ní Àbújá? Ta ni ó ni owó tí wọ́n bá gbà lójú ọ̀nà, láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí ìjọba ìbílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò ní dárúkọ? Ṣé tàpólì wà tí yóò bo ẹrù, àbí àwa ni a ó ra á? Níbo gan-an ni ọkọ̀ yóò já ẹrù sí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọkọ̀ Bódìjà fi máa ń gba díẹ̀ padà nínú owó tí ó bá ni dín. Tírélà tó ń lọ sí ìhà Òkè Ọya yóò fẹ́ já ẹrù sí Suleja tàbí Zuba, kì í wọ àárín ìlú, ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ni kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá kọjá ẹnu géètì wọn. A ní láti gba kántà ní Zuba, kí a san owó alábàárù ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹrù sì tún gba ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn kọjá. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣì dín sí ọkọ̀ odindi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá alárinà. Ẹni tó ní ohun ẹlẹgẹ́ púpọ̀, bíi ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ń jẹun, kí ó san owó ọkọ̀ odindi kó lè fọkàn balẹ̀. Owó tí a kò bá tíì fún awakọ̀ ni ó ń mú un gbé fóònù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí díẹ̀ kù títí ẹrù yóò fi balẹ̀.

Ní ti dídi ẹrù, díẹ̀ ni n ó sọ. Aṣọ àtijọ́ àti ìrọ̀rí ni a fi wé abọ́, kò sí ìdí láti ra ohun olówó ńlá tí a fi ń wé ẹrù. Ẹ lo gáàsì inú sílíńdà tán kí ọkọ̀ tó dé, ẹ sì jẹ́ kí fíríìjì wà ní òòró. Bí ó bá ti dé, kí ó dúró fún wákàtí púpọ̀ kí ẹ tó fi iná sí i, kí òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè padà sí ààyè. Mo fi nọ́ńbà sára gbogbo páálí, mo sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn sínú ìwé kan. Ẹ̀dà ìwé yìí kan, pẹ̀lú rìsíìtì jẹnẹrétọ̀, fíríìjì àti tẹlifíṣàn, wà lọ́wọ́ awakọ̀, nítorí pé ọlọ́pàá tó bá dá a dúró yóò béèrè ẹni tó ni ẹrù. Ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ọjọ́ ìbí, wúrà àti oògùn kò bá ọkọ̀ ẹrù lọ; ọwọ́ wa ni wọ́n wà. Àwa fúnra wa wọ bọ́ọ̀sì ọ̀yẹ̀, nítorí pé n kò lè fi àwọn ọmọ rin ọ̀nà Lọ́kọ́jà lóru nítorí owó kankan, a sì ka oúnjẹ ojú ọ̀nà àti owó tasí ti ìdíkọ̀ Jabi mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí n kì í gbọ́ kí ènìyàn mẹ́nu bà, òun ni àwọn owó tí a ti so mọ́ ìlú tí a fẹ́ fi sílẹ̀. Mo wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìbàdàn, mo sì ń dá èsúsú pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ẹni tó ń dá èsúsú, tó sì mọ̀ pé òun yóò lọ, yẹ kí ó bẹ olórí èsúsú ní kíákíá pé kí ó kó tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì ka owó tí yóò ṣì máa dá lẹ́yìn tí ó bá ti kó mọ́ ìnáwó oṣooṣù ní ìlú tuntun. Ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ le díẹ̀. Ìwé ni a ń kọ kí a tó gba owó ìpamọ́ jáde, wọ́n sì lè má san án lójú ẹsẹ̀. Bí a bá jẹ́ onídùúró fún ẹlòmíràn tó yá owó, wọ́n lè di owó tiwa mú títí onítọ̀hún yóò fi san tán tàbí títí yóò fi rí onídùúró mìíràn. Ìyá kan tí mo dúró fún ṣe gudugudu méje láti rí ẹni tí yóò gba ipò mi, n kò sì lè bá a bínú, nítorí pé nígbà tí mo dúró fún un, kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé Àbújá ń bọ̀.

Ìnáwó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó kù. Fèrèsé ilé tuntun kì í bá aṣọ fèrèsé àtijọ́ mu. Ó yẹ kí a pààrọ̀ àgádágodo gbogbo ilẹ̀kùn tó ń bọ́ síta. Mítà iná lè ní gbèsè ayálégbé àná lórí, nítorí náà ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé, kí ẹ sì ní kí onílé bá ilé-iṣẹ́ iná yanjú rẹ̀. Bí kànga ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọwọ́ àwọn Hausa tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri ni ẹ ó ti máa ra omi, ó sì yà mí lẹ́nu bí owó kékeré yẹn ṣe ń di ńlá nígbà tí ilé bá ní ọmọ mẹ́ta. Owó ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ìgbàwọlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, owó ńlá sì ni nínú ìwé wa. Owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé níbi iṣẹ́ tuntun kò ju ti ìdajì oṣù lọ, nítorí pé àárín oṣù ni ọkọ mi wọṣẹ́.

Nítorí gbogbo èyí, a kó oúnjẹ, owó ọkọ̀ iṣẹ́ àti iná oṣù méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, a sì tún fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìṣúná sínú àpò ọ̀tọ̀ tí ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láìsọ fún ẹnìkejì. Owó tí onílé Ìbàdàn yóò dá padà lẹ́yìn tí ó bá ti wo ilé, a kò kà á mọ́ ohunkóhun. Mo ya àwòrán gbogbo yàrá, ògiri àti ilé ìwẹ̀ kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, mo san owó iná tó kù, mo gba rìsíìtì rẹ̀, mo sì fi ohun gbogbo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣì wà nílé. Òun ni ó ń bá wa lọ kí bàbá onílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti san ìlàjì. Wọ́n ní ìyókù yóò wá nígbà tí ayálégbé tuntun bá san tirẹ̀.